Ẹ Máa Retí Apá Kejì

Ní ọdún 1936, Rupert East, òyìnbó tó ń darí ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn fún ìwé èdè Hausa ní Zaria, ránṣẹ́ pe olùkọ́ kan wá láti Katsina. Abubakar Imam lorúkọ olùkọ́ náà, ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. East ti kó ìwé jọ dè é: ìtàn àwọn Lárúbáwá nípa ẹgbẹ̀rún òru ó lé kan, Kalila àti Dimna, ìtàn Aesop ará Gíríìsì, ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm ní Jámánì, ti Hans Andersen ní Denmark. Ó ní kí Imam kà wọ́n, kó wá fi wọ́n pa ìtàn tí ará ilẹ̀ Hausa yóò gbádùn. Oṣù mẹ́fà tí Imam fi wà ní Zaria ló bí Magana Jari Ce, ìwé alápá mẹ́ta. Odídẹrẹ́ kan ló ń pìtàn inú rẹ̀ fún ọmọ ọba tí bàbá rẹ̀ lọ sógun, kí ọmọ náà má baà jáde lọ kó sọ́wọ́ ewu. Bí ọmọ bá ti fẹ́ dìde, odídẹrẹ́ á tún fa ìtàn mìíràn yọ. Odídẹrẹ́ olùpìtàn yẹn fúnra rẹ̀, láti Íńdíà àti Páṣíà ló ti fò wá. Afunfèrè tó kó eku kúrò ní ìlú Hamelin wà nínú ìwé náà pẹ̀lú, àfi pé ilẹ̀ Hausa ni eku ti ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu níbẹ̀. Ìran kan lẹ́yìn òmíràn ní ilé ẹ̀kọ́ Àríwá ló ti ka ìwé yìí dàgbà.

Kò sẹ́ni tó pe Imam ní olè tàbí ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn méjèèjì yìí là ń fi kan àwọn onífíìmù lónìí. Téèyàn bá rí i pé fíìmù tó jáde lọ́dún yìí tún ni apá kẹta fíìmù ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tàbí pé wọ́n ti tún fíìmù ìgbà èwe rẹ̀ ṣe pẹ̀lú àwọn òṣèré tuntun, ohun tó máa ń wá sẹ́nu ni pé ọgbọ́n ti tán lórí wọn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n kò tán nílẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba owó. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ìtàn tuntun fi ṣọ̀wọ́n, ẹni tó ń san owó ló yẹ ká tọpa rẹ̀, ká sì wo ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí á tó bi òǹkọ̀wé léèrè.

Ẹni tó ń ta gàrí ní ọjà Sabon Gari ní Zaria máa ń jẹ́ kí oníbàárà bù díẹ̀ sẹ́nu, kó mọ̀ bóyá ó kan tàbí kò kan, kó tó yọ owó. Fíìmù kò ṣeé tọ́ wò bẹ́ẹ̀. Ìgbà téèyàn bá wò ó tán ló tó mọ̀ bóyá ó dùn, owó sì ti lọ. Ẹni tó ṣe fíìmù náà gan-an kò sàn jù oníbàárà lọ: ó gbọ́dọ̀ ná gbogbo owó rẹ̀ kí ẹnì kan ṣoṣo tó rí i. Bí fíìmù bá kùnà, kò sí bó ṣe lè tú u palẹ̀ kó tà á ní ẹyọ-ẹyọ. Orúkọ tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ wá ń ṣe iṣẹ́ gàrí àtọ́wò yẹn. Ẹni tó bá ti gbádùn apá kìíní rò pé òun ti mọ adùn apá kejì, yóò sì sanwó láìjanpata.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Arthur De Vany àti David Walls, fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ owó tí fíìmù Amẹ́ríkà ń pa wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé fíìmù díẹ̀ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, tí ọ̀pọ̀ tó kù ń pàdánù, àti pé kò sí ohun tí a lè fi dá èyí tó máa là mọ̀ yàtọ̀ ṣáájú. Òṣèré olókìkí kò dá a lójú, owó ńlá kò dá a lójú. Nínú irú òwò bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń wá ni kó má baà ṣubú lulẹ̀ pátápátá, àlá láti jèrè rẹpẹtẹ á sì dúró ná. Fíìmù apá kejì lè má pa owó tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ àwọn tó fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ yóò jáde wá wò ó ní ọ̀sẹ̀ kìíní, owó wọn á sì di àwọ̀n tó máa gbá ẹni tó ń já bọ́ mú. Iṣẹ́ ọ̀gá náà tún wà níbẹ̀. Bí apá kejì bá kùnà, yóò sọ pé ta ló lè mọ̀, ṣebí ti àkọ́kọ́ tà. Bí ìtàn tẹ́nì kan ò gbọ́ rí bá kùnà, òun nìkan ni wọ́n á bi pé kí ló rí lọ́bẹ̀ tó fi waaro ọwọ́.

Ẹ wo ọdún 2024. Nínú fíìmù mẹ́wàá tó pawó jù lọ káàkiri àgbáyé lọ́dún náà, Inside Out 2 ló ṣíwájú, Deadpool & Wolverine tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Moana 2. Nínú àwọn tó kù, Despicable Me ti dé apá kẹrin, Kung Fu Panda náà ti dé apá kẹrin. Wicked nìkan ni kì í ṣe ìtẹ̀síwájú fíìmù mìíràn láàrin àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, orí ìtàgé ni wọ́n sì ti gbé òun náà wá. Kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí fídíò àti DVD ṣì ń tà, fíìmù tí kò ṣe dáadáa ní ilé sinimá lè padà rí owó rẹ̀ gbà nínú ilé àwọn èèyàn. Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 2000 ni títà DVD ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, tìmùtìmù yẹn sì kúrò lábẹ́ ẹni tó fẹ́ dán ìtàn tuntun wò. Lákòókò kan náà, ọjà òkèèrè di ńlá, fíìmù tí ará Ṣáínà àti ará Bràsíìlì lè lóye láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn ló sì ń wọ ibẹ̀.

Síbẹ̀, bí àwa òǹwòran kò bá gbà, ọjà náà kò ní tà. Kí ló dé tí à ń gbà? Ní ọdún 1968, Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Michigan, tẹ ìwádìí kan jáde. Ó fi ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ àti àmì tó jọ lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà han àwọn èèyàn, àwọn kan lẹ́ẹ̀kan, àwọn mìíràn lọ́pọ̀ ìgbà, ó wá bi wọ́n pé èwo ló dáa nínú wọn. Èyí tí wọ́n ti rí léraléra ni wọ́n fẹ́ràn jù, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ohun tí ojú bá ti rí rí máa ń rọrùn fún ọpọlọ láti gbà, ọpọlọ sì máa ń ka ìrọ̀rùn yẹn sí adùn. Ní 2011, Jonathan Leavitt àti Nicholas Christenfeld ní Yunifásítì California ní San Diego lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún àwọn kan ní ìtàn kúkúrú kà, wọ́n sọ ìparí rẹ̀ fún wọn ṣáájú. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní ìtàn kan náà láìsọ nǹkan kan. Àwọn tó ti mọ ìparí ló gbádùn ìtàn náà jù. Ẹni tó bá ti pàlọ́ fún ọmọdé rí kò ní ya ẹnu sí èyí. Ọmọ tó ti gbọ́ bí ìjàpá ṣe já bọ́ láti ọ̀run nígbà ogún kò ní jẹ́ kí o fo ìlà kan, orin ibẹ̀ ló sì ń dúró dè.

Àwa tí a ń wo fíìmù Yorùbá ní Sabon Gari Zaria mọ apá kejì dáadáa, ó sì ní ìdí kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ronú kàn. Nígbà tí VCD gba ipò kásẹ́ẹ̀tì, àwo kan kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Fíìmù wákàtí méjì kò lè wọ inú rẹ̀. Nítorí náà àwo méjì ni, páálí méjì, iye owó ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ìyá ọkọ ṣe fẹ́ ṣílẹ̀kùn yàrá tí ìyàwó ti ń ṣe ohun tí kò yẹ, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ kún inú gbogbo tẹlifíṣọ̀n, àwòrán á dúró gbagidi, lẹ́tà funfun á sì yọ pé kí ẹ máa retí apá kejì. Máàkẹ́tà, oníṣòwò tó ń ta fíìmù náà, mọ̀ pé ẹni tó ti ra ti àkọ́kọ́ kò ní lè sùn. Ilé kan náà ni wọ́n yá fún apá méjèèjì, aṣọ kan náà, epo jẹnẹrétọ̀ kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n fi yà wọ́n. Apá kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná wọn ní nǹkan kan mọ́. Ohun kejì ni àwọn tó ń ṣe àdàkọ fíìmù láìgbàṣẹ. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ayédèrú á ti kún ọjà, nítorí náà máàkẹ́tà gbọ́dọ̀ rí owó rẹ̀ gbà kíákíá, àkọlé tí ẹnu ti mọ̀ ló sì ń tà kíákíá.

Àwọn onífíìmù Hausa gba ọ̀nà tiwọn. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn ará Lẹ́bánónì tó ní òwò sinimá lọ́wọ́ ti ń kó fíìmù Íńdíà wọ Àríwá. Mother India, tó jáde ní 1957, wà lára àwọn tí wọ́n ń fi hàn léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn èèyàn tí kò gbọ́ èdè Hindi rárá ń kọ orin inú rẹ̀. Nígbà tí fíìmù Hausa orí fídíò bẹ̀rẹ̀ ní Kano ní 1990 pẹ̀lú Turmin Danya, òǹwòran rẹ̀ ti gba ẹ̀kọ́ tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ nípa bí ìtàn ìfẹ́ ṣe yẹ kó rí: ọmọbìnrin tí bàbá fẹ́ fi fún ọlọ́rọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lówó, orin àti ijó nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ta ni yóò fẹ́ fi owó ara rẹ̀ tún òǹwòran bẹ́ẹ̀ kọ́? Dillagi jáde ní Íńdíà ní 1999, ní 2000 Mujadala ti wà ní èdè Hausa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdalla Uba Adamu ti Yunifásítì Bayero ti kọ púpọ̀ lórí irú àdàkọ bẹ́ẹ̀, àwọn alámòójútó àṣà ní Àríwá sì bínú sí àdàkọ náà gidigidi.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú wọn ni Titanic. Fíìmù James Cameron ti 1997 ná nǹkan bí 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 2003, Farouk Ashu-Brown ní Kano ṣe é ní Hausa, ó pè é ní Masoyiyata, ó sì fi Titanic kún orúkọ náà kí ẹni tó bá rí páálí rẹ̀ má ṣe ṣiyèméjì. Níbo ni ó ti máa rí ọkọ̀ ojú omi? Ó yọ àwòrán ọkọ̀ náà láti inú fíìmù Cameron fúnra rẹ̀, ó so ó mọ́ àwọn òṣèré tirẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kò fara mọ́ èyí, n kò sì gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká gbàgbé pé Cameron náà kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ìtàn náà: Jámánì ti fi ọkọ̀ yẹn ṣe fíìmù ní 1943, Amẹ́ríkà ní 1953, Bìrìtìkó ní 1958. Àwọn ará Íńdíà tí à ń da kọ náà ń da ara wọn kọ. Devdas, ìwé tí Sarat Chandra Chattopadhyay tẹ̀ jáde ní 1917, ti di fíìmù ní 1928, 1935, 1955 àti 2002, ká má tíì ka àwọn tó kù.

Ní gúúsù, ilé sinimá tuntun ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n, ilé sinimá kò pọ̀, oṣù Disẹ́ńbà nìkan ni èrò máa ń wọ́ lọ síbẹ̀ dáadáa. Charles Okpaleke ra ẹ̀tọ́ àwọn fíìmù tí gbogbo ilé wò ní àwọn ọdún 1990, Living in Bondage ti 1992 sì ní ìtẹ̀síwájú ní 2019, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Rattlesnake àti Nneka the Pretty Serpent tẹ̀lé e ní 2020. The Wedding Party ti 2016 bí apá kejì ní 2017. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ èèyàn: nígbà tí Chief Daddy 2 jáde ní ọjọ́ kìíní ọdún 2022, àwọn tó fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ gan-an ló kọ́kọ́ fi ìbínú hàn. Òkìkí apá kìíní tó gbé wọn dé iwájú tẹlifíṣọ̀n kò lè bá wọn wo fíìmù náà tán.

Ẹni tí mo rò pé ọ̀nà rẹ̀ kọ́ni jù ni Funkẹ Akindélé. Ó gbé Omo Ghetto jáde ní 2010. Omo Ghetto: The Saga, tó jáde ní ìparí 2020, pa ju 600 mílíọ̀nù náírà lọ. Jenifa ti 2008 di The Return of Jenifa, ó di eré tẹlifíṣọ̀n ní 2014, ó tún di Everybody Loves Jenifa ní Disẹ́ńbà 2024, tó kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á sọ pé apá kejì ni owó wà. Ṣùgbọ́n fíìmù Nàìjíríà tó kọ́kọ́ dé bílíọ̀nù kan náírà ní ilé sinimá ni A Tribe Called Judah, tó jáde ní 2023, ìtàn tuntun sì ni: ìyá kan, ọmọkùnrin márùn-ún, bàbá wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Òkìkí obìnrin tó ṣe é ló dúró fún gàrí àtọ́wò nígbà yẹn. Ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ fún òǹwòran pé òun kò ní já wọn kulẹ̀, ó wá fi ìgbàgbọ́ yẹn ra ààyè fún ìtàn tẹ́nì kan kò tíì gbọ́.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Nígbà tí Jenifa kọ́kọ́ jáde ní 2008, fídíò ni, kì í ṣe ilé sinimá. Owó kékeré ni wọ́n fi ń ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀, bí kò bá tà, onítọ̀hún á tún gbìyànjú lóṣù tó ń bọ̀. Ogunde onítíátà alárìnjò náà, kó tó ná owó sórí fíìmù Aiye ní 1979 àti Jaiyesimi tó tẹ̀lé e ní 1980, ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ń gbé eré rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, tó mọ ibi tí àwọn èèyàn ti ń pariwo àti ibi tí wọ́n ti ń sùn. Gbogbo ìtàn tí à ń tún ṣe lónìí ló ti ibi tí ìkùnà kò ti wọ́n púpọ̀ jáde wá. Tíátà alárìnjò ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọjà fídíò ti wó. Eré kéékèèké orí fóònù wà, ó sì ti mú àwọn adẹ́rìn-ín-pòṣónú tó dáa jáde, àmọ́ ìṣẹ́jú méjì kò tó láti mọ̀ bóyá ìtàn wákàtí méjì máa dúró. Bí a bá ń kórè láìgbìn, ọjọ́ wo ni a óò rí ohun tí àwọn ọmọ wa máa tún ṣe?

Àtúnsọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Biyi Bandele, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Kafanchan níbí ní ìpínlẹ̀ Kaduna, fi hàn bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù tó ṣe kẹ́yìn. Lẹ́yìn ikú Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní ní 1944, aláṣẹ òyìnbó dá ẹni tó yẹ kó bá ọba lọ dúró, ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ fi ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ṣe Ọba Wàjà ní 1964. Wọlé Ṣóyínká fi kọ eré tirẹ̀ ní 1975, ó gbé e sí àkókò Ogun Àgbáyé Kejì. Bandele gbé e wá sórí fíìmù ní 2022 pẹ̀lú orúkọ Elesin Oba, Ọdúnladé Adékọ́lá ni Ẹlẹ́ṣin. Gẹ̀ẹ́sì tí Ṣóyínká fi kọ ọ́ padà di Yorùbá lẹ́nu ẹni tó ni í. Bandele kú ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó kọ́kọ́ fi fíìmù rẹ̀ hàn ní Toronto. Ìtàn kan náà ni lẹ́ẹ̀mẹta, ìbéèrè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bi í sì yàtọ̀. Shaihu Umar náà rí bẹ́ẹ̀: Abubakar Tafawa Balewa kọ ọ́ fún ìdíje ìwé tí ọ́fíìsì East ṣe ní 1933, Adamu Halilu sọ ọ́ di fíìmù ní 1976, wọ́n wá ẹ̀dà rẹ̀ tì títí, kó tó padà hàn ní Berlin ní 2018. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ìdíje tó béèrè ìtàn tuntun, tó sì gbà kí àwọn kan kùnà, ló bí ìwé yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Samaru, ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ní ìparí àwọn ọdún 1970 ló fún mi ní ìrètí jù. Michael Etherton, Brian Crow, Salihu Bappa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ tíátà kò jókòó sí gbọ̀ngàn. Ní 1977 wọ́n lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní Soba, wọ́n bi wọ́n ní ohun tó ń dùn wọ́n, wọ́n fi ìdáhùn wọn ṣe eré ní Hausa, wọ́n sì padà lọ ṣe é níwájú wọn. Wasan Manoma, eré àwọn àgbẹ̀, ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n dé abúlé Bomo ní 1980, àwọn ará abúlé fúnra wọn ti ń ṣe eré náà: wọ́n á dá a dúró láàrin, wọ́n á jiyàn lórí ohun tó yẹ kí ẹni tó wà lójú agbo ṣe, wọ́n á tún un ṣe lọ́nà mìíràn. Ìtàn tuntun ni, kò sí nínú ìwé kankan, síbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni. Kò sí àǹfààní orúkọ àtijọ́ tí ó nílò.

Bí ẹni tó fẹ́ gbówó sílẹ̀ fún fíìmù bá ń bẹ̀rù pé òǹwòran kò ní mọ ìtàn rẹ̀, ọ̀nà kejì nìyẹn láti yanjú ẹ̀rù náà. Kó kọ́kọ́ ṣe é ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tàbí ní ojúde, ní Hausa, ní Yorùbá, ní èdè tó bá wù ú, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì àti iná kan. Kó rí ibi tí ó ti ń fà àti ibi tí ó ti ń já, kó ṣàtúnṣe rẹ̀ níwájú àwọn tí yóò padà wá sanwó. Owó tí wọ́n ń ná lórí pátákó ìpolówó fíìmù kan ṣoṣo ní Èkó tó láti gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ irú eré bẹ́ẹ̀ ní Samaru, Kafanchan àti Ilé-Ifẹ̀, nínú èyí tí ọ̀kan tàbí méjì máa tó ya sí fíìmù.